Obìnrin Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Nu Káàdì Wa

Bí ẹ bá bínú sí Sìdíkátù, ẹ ó bínú tì ni. Ogún ọdún ni mo fi bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Ìtura, nísàlẹ̀ òkè Mápó, mo sì bínú sí i débi tí n kò lè kà á mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ìbínú mi yí ìpinnu rẹ̀ padà. Rachel ni orúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ Kúdẹtì, mo sì ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn tó ń ròyìn ilé ìwòsàn náà kì í dárúkọ Sìdíkátù. Dókítà ni wọ́n máa ń dárúkọ, wọ́n á sì fi Ẹnjiníà Olúsànyà tì í. Ó máa ń bí mi nínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí.

Inú agbo ilé ńlá kan ní Bẹ́yẹrúnkà ni wọ́n bí i sí. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó ka ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà tán, bàbá fẹ́ kó máa ta òwú àti bọ́tìnì níwájú ṣọ́ọ̀bù òun, ṣùgbọ́n Sìdíkátù ní táípù lòun máa kọ́, ó sì kọ́ ọ. Ní 1974, ó gbé tábìlì kékeré kan sáàárín àwọn ọkùnrin tó ń bá ará ìlú táìpù ìwé ẹ̀bẹ̀ nítòsí kóòtù Mápó. Ọ̀kan nínú wọn ní iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Sìdíkátù yí táípùráítà rẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, ó ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára ẹ̀rọ náà han òun. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀ kí Dókítà Ọlábọ̀wálé, tó ni ilé ìwòsàn wa, tó gbà á láti máa tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn. Gàníyù ni àkọ́bí rẹ̀, nítorí náà Ìyá Gàní ni gbogbo wa ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kì í fẹ́ sọ. Ní 1994, ikán wọ yàrá káàdì, ó sì ti jẹ èyí tó ju ìdajì lọ ká tó mọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni obìnrin kan tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà'ba, Àlàájà Kúlúsúmù, gbé ọ̀fun dídùn wá. A ò rí káàdì rẹ̀. Ó ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ rí pé ara òun kọ abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì, a sì ti kọ ọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ikán ti jẹ ẹ́. Ibà tó mú un lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ rántí sọ ọ́. Èmi ni mo gún un. Ọrùn rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ ń há, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo sì fi jókòó tì í. Ọlọ́run ló yọ mí. Dókítà kò bá mi wí rárá, ìyẹn ló tilẹ̀ dùn mí jù.

Sìdíkátù kò sunkún bíi tèmi. Ó ní ohun tí ikán lè jẹ kò yẹ ní ibi tí wọ́n ń kọ ẹ̀mí èèyàn sí. Kọ̀ǹpútà kan wà ní ilé ìwòsàn nígbà yẹn tí ọ̀rẹ́ Dókítà kan fún un, wọ́n fi aṣọ bò ó bí òkú, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Ìyá Gàní ṣí aṣọ náà kúrò. Olùkọ́ yunifásítì kan tó jẹ́ aládùúgbò Dókítà bá a fi Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, sínú rẹ̀, torí pé ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpáílà sì bá a wá. Kọ̀ǹpáílà yìí ni irinṣẹ́ tó máa ń sọ ohun tí èèyàn bá kọ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Olùkọ́ náà fi ìwé kan tó nípọn bíi bíríkì sílẹ̀ fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọdún méjì ni Ìyá Gàní fi ka ìwé yẹn. Ó máa ń wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ òyìnbó, bí n kò bá sì mọ̀ ọ́n, á wò mí bí ẹni pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fi pa mọ́ ni. Nígbà tó yá, ó kọ pírógírámù kan, ó sọ ọ́ ní Káàdì. Bí ẹ bá tẹ orúkọ aláìsàn sí i, á gbé gbogbo ìtàn ara rẹ̀ jáde, á sì kọ oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀ sókè pátápátá. Àwọn káàdì tó kù ló kọ́kọ́ tẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn tí ikán jẹ, ẹsẹ̀ ló fi lọ wá wọn, láti Bẹẹrẹ dé Òjé, láti ojúlé dé ojúlé, tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn ohun tí ara wọn kọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin káàdì ó lé díẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, Dókítà ní ká sun èyí tó jẹ́ pépà kí ikán má bàa tún wá, a sì sun ún. Ẹ̀dà wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n pírógírámù Ìyá Gàní nìkan ló lè ka ohun tó wà níbẹ̀.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn ní 1998 tí Olúsànyà ti London dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Dókítà ni, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó mọ̀wé, kò sì fi bò. Ó ti kọ pírógírámù tirẹ̀ fún yàrá oògùn àti bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, pírógírámù náà dára, a sì nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpáílà tuntun ló ń lò. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó fi kọ̀ǹpáílà tuntun náà sínú kọ̀ǹpútà wa, pírógírámù rẹ̀ sì ṣí. Ó rẹ́rìn-ín, Dókítà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí Ìyá Gàní fẹ́ ṣí Káàdì, ẹ̀rọ náà kọ gbólóhùn òyìnbó kan péré pé òun ò rí láíbìrì kan báyìí, ó sì dákẹ́.

Ìyá Gàní ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, bó ṣe sọ ọ́ ni mo sì ṣe ń sọ ọ́ o. Láíbìrì jẹ́ fáìlì kan tí àwọn iṣẹ́ tí gbogbo pírógírámù máa ń ṣe wà nínú rẹ̀, kí kálukú má bàa máa ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bíi kànga àárín agbo ilé ni, gbogbo ilé ló ń pọn ún. Kọ̀ǹpáílà kọ̀ọ̀kan ló sì máa ń mú láíbìrì tirẹ̀ wá. Nígbà tí Olúsànyà fi tuntun sí i, tuntun ti yọ láíbìrì ti àtijọ́ dànù, bẹ́ẹ̀ òun ni Káàdì ń wá.

Ìyá Gàní gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpáílà tuntun tún Káàdì kọ́. Kọ̀ǹpáílà náà ka àṣìṣe tó lé ní igba sí i lọ́rùn, torí pé òfin ìkọ̀wé ti yí padà. Bí ó bá sì dá ti àtijọ́ padà sáyè rẹ̀, pírógírámù Olúsànyà ló máa kú. Olúsànyà sọ fún Dókítà pé ó rọrùn: lọ́jọ́ Ẹtì, òun á nu gbogbo inú kọ̀ǹpútà náà, òun á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí Ìyá Gàní sì máa tún káàdì tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àwọn aláìsàn bá ṣe ń wá. Dókítà gbà. Orí ìdúró ló ti gbà á, ìṣẹ́jú kan kò pé. Mo wo ojú Ìyá Gàní. Ó fa àga síwájú kọ̀ǹpútà, ó sì jókòó.

Láti ọjọ́ náà, kò fi àga yẹn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń dé kí a tó ṣílẹ̀kùn, ìgbà tí a bá fẹ́ ti ilé ló ń dìde. Ibẹ̀ ló ti ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Bí àsìkò ìrun bá tó, á tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà gan-an, á fi ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga, kò sì sí ibi tí Olúsànyà lè gbà kọjá títí tí á fi sálámà parí ìrun rẹ̀. Olúsànyà á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú dísíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Bí ó bá ní "Màdáámú, ẹ jọ̀ọ́," á ní òun ò tíì ṣe tán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó rò pé òun ti rí i. Ẹ mọ bí oyè Mọ́gàjí, olórí agbo ilé, ṣe rí nílùú Ìbàdàn. Bí Mọ́gàjí ilé kan bá kú, wọ́n á fi ẹlòmíì jẹ, ẹni tó bá sì kọ lẹ́tà sí Mọ́gàjí ilé náà, ẹni tó wà lórí oyè ló máa gbà á. Kò sí ilé tó ń ní Mọ́gàjí méjì. Ìyá Gàní wá sọ láíbìrì tuntun ní orúkọ ti àtijọ́. Ó fi àmì kékeré kan síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá béèrè Mọ́gàjí tó kú, kí wọ́n mú un lọ bá èyí tó wà láàyè. Ó tẹ bọ́tìnì. Káàdì ṣí! Mo pariwo, mo dì mọ́ ọn. Ó ranjú mọ́ Olúsànyà títí tí ọmọkùnrin náà fi gbójú sílẹ̀, inú mi sì dùn sí i bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ayọ̀ wa kò pé ọjọ́ kan. Àárọ̀ Ọjọ́rú, Àlàájà Kúlúsúmù dé pẹ̀lú ojú egbò kan lẹ́sẹ̀ tó ti ń ṣọyún. Dókítà ti lọ sí Mọ́lété. Mo ní kí Ìyá Gàní wo káàdì ìyá náà fún mi. Ó wò ó, ó kà á jáde pé kò sí oògùn kankan tí ara rẹ̀ kọ̀. Mo lọ wò ó fúnra mi. Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ nìyẹn lóòótọ́.

Kò sí nọ́ọ̀sì mìíràn ní gbogbo ilé ìwòsàn náà tó lè mọ̀ pé irọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ló dúró síbi tí mo dúró sí, pẹnisílìnì ni ì bá fà. Mo sọ fún un jẹ́jẹ́, kí Àlàájà má bàa gbọ́, pé, "Ìyá Gàní, ẹ pa á. Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn báyìí."

Ó pa á. Mo fọ egbò Àlàájà, mo sì dì í. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé láíbìrì tuntun ń ka ìwé rẹ̀ ní ọ̀nà tó yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ibi tí ti àtijọ́ máa ń dúró sí kọ́ ni tuntun ń dúró, nítorí náà ohun tó jẹ́ ti ẹnì kan ti lọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e. Àwọn ìwé náà fúnra wọn kò bàjẹ́, ẹni tó ń kà wọ́n ni kò mọ̀ ọ́n kà. Mọ́gàjí tuntun ti jókòó lórí oyè, ó ń jẹ́ orúkọ, ṣùgbọ́n kò mọ àdéhùn tí èyí tó kú bá àwọn èèyàn ṣe.

Ohun tó tún ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un títí dòní. Kò fi pa mọ́. Bí Dókítà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ló pàdé rẹ̀, Olúsànyà wà níbẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pe méjì. Olúsànyà ní ṣé òun ò ti sọ. Dókítà gbọn orí, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, ọjọ́ Ẹtì kò yẹ̀.

"Mo ṣe àṣìṣe, sà," ni Ìyá Gàní wí. "Ẹ bá mi wí bó bá ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àṣìṣe ọjọ́ kan nu iṣẹ́ ọdún mẹ́rin. Èmi ò ní dìde níbẹ̀."

Dókítà bi í bóyá òun ló ni ilé ìwòsàn tàbí obìnrin náà. Ó ní Dókítà ló ni ilé ìwòsàn, àwọn aláìsàn ló ni káàdì. Ó padà wọlé, ó sì jókòó. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé wọ́n máa lé e lọ lọ́jọ́ náà, inú sì bí mi sí i pé kò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀ nìkan ló kù. Ó bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo gbé omi fún un, ṣùgbọ́n mo rò pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́. Ó ní òun ti fi ojú oyè wò ó, ìyẹn ló sì fa àṣìṣe òun. Oyè ò gba ẹni méjì, ṣùgbọ́n agbo ilé gba ogún ojúlé. Ní ilé bàbá rẹ̀ ní Bẹ́yẹrúnkà, Sàídì méjì ló wà, kò sì sẹ́ni tó ń ṣi wọ́n pè, torí pé ojúlé tí wọ́n ń wá ni àlejò kọ́kọ́ máa ń sọ.

Ó yọ àmì irọ́ tó fi síbẹ̀ kúrò. Ó mú dísíìkì àtijọ́ tí olùkọ́ yunifásítì fi sílẹ̀, ó ya ojúlé kan sọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà náà, ó kó kọ̀ǹpáílà àtijọ́ àti láíbìrì rẹ̀ síbẹ̀. Ti tuntun, ó fi sí ojúlé tirẹ̀. Nígbà náà ló wá pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà pé kó máa kọ́kọ́ wo ojúlé àtijọ́ bó bá ń wá láíbìrì. Káàdì ṣí, ó sì kà bó ṣe yẹ. Kí a tó mí, Olúsànyà ti ń kígbe láti yàrá kejì, níbi tí ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wo inú kọ̀ǹpútà wa. Pírógírámù tirẹ̀ ti kú.

Mo rò pé ó ti parí. Iná lọ níbi tí a ti ń rò ó, a tan jẹnẹrétọ̀, ariwo rẹ̀ ò jẹ́ ká gbọ́ra wa. Ìyá Gàní fi ọwọ́ ti àgbọ̀n. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ lu tábìlì, ó ní ẹnu géètì ńlá lòun ti kọ àṣẹ náà sí, gbogbo àlejò tó ń wọlé ló sì ń kà á, àti ẹni tó kàn àti ẹni tí kò kàn. Ó pa á rẹ́ níbẹ̀. Ó wá kọ ìwé pélébé kan fún Káàdì nìkan, ìlà méjì péré: kí Káàdì tó jí, kí wọ́n sọ fún un pé ojúlé àtijọ́ ni kó yà sí, kí wọ́n má sọ fún ẹlòmíì. Ó ṣe irú rẹ̀ fún ti Olúsànyà. Ó ṣí Káàdì, ó ní kí n lọ wo yàrá kejì. Mo sáré lọ. Olúsànyà wà níwájú pírógírámù tirẹ̀, ó ń ka iye bẹ́ẹ̀dì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Dókítà àti Olúsànyà wọlé pọ̀, Olúsànyà ti mú dísíìkì tó fẹ́ fi nu kọ̀ǹpútà dání. Ẹlòmíì ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn. Ìyá Gàní ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gba òun gbọ́, torí pé Káàdì ti ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, irọ́ ló sì ń pa. Ó ní kí n lọ bá àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kí n bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léèrè oògùn tí ara wọn kọ̀, kí n kọ ọ́ sí pépà, kí n gbé pépà náà fún Dókítà, kí òun má rí i. Lẹ́yìn náà ni òun máa ka ohun tí Káàdì sọ. Kí Olúsànyà sì ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo àkókò náà.

Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àlàájà Kúlúsúmù wà lára wọn, ó wá tún egbò rẹ̀ dì. Ó wò mí lójú kó tó dáhùn, ó ní ṣé èmi náà tún ń béèrè ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Gàní ń kà, Dókítà ń fi bíró fa ìlà. Ẹni àkọ́kọ́ bá a mu, ẹni kejì bá a mu. Nígbà tó kan Àlàájà, ó kà á ketekete pé pẹnisílìnì, kí wọ́n má gún un láé. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún. Gbogbo mẹ́tàdínlógún ló bá a mu. Olúsànyà wọlé, ó ní tòun ò kú. Ó wá ní, "Màdáámú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bí ẹ ṣe ṣe é hàn mí." Ó fi hàn án, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ kó fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò ṣe é.

Dókítà ká pépà náà, ó ní ó dáa, a ò ní nù ún mọ́. Ó ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, sà," ni Ìyá Gàní wí.

Dókítà yí padà. Ó ní ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu òun kò tó ni.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu náà lẹ fi ní kí wọ́n nù ún ní Mọ́ńdè, sà. Orí ìdúró lẹ wà."

Mo rò pé á gbaná jẹ. Ọlábọ̀wálé tí gbogbo Mápó ń dọ̀bálẹ̀ fún padà wá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláìsàn, ó mú ìwé tí ó fi ń kọ oògùn jáde. Ó kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nu nǹkan kan kúrò nínú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn Ìtura, títí kan òun fúnra òun, àfi bí Sìdíkátù bá fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì. Ìyá Gàní kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ẹ̀rọ náà, ó sì pe ẹni tó kàn.